Àna Mi Nídìí Ọkọ̀, Ìgbà Kónílé-ó-gbélé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹta

Wọ́n ti kéde rẹ̀ lórí rédíò: láti àárọ̀ ọ̀la, kónílé ó gbélé. Kò sí ọjà, kò sí ilé ìwé, kò sí ọkọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn títí àrùn yìí yóò fi rọlẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń kọ́ mọ́tò lọ́dọ̀ mi ti ń pè, wọ́n ń béèrè bóyá àwọn ṣì lè wá. Mo ní kí wọ́n jókòó sílé kí wọ́n máa fi àwo oúnjẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí sítíárìn. Ọ̀kan gbà mí gbọ́, ó ní àwo tòun kéré.

Ìyá ìyàwó mi dé lánàá láti wá lo ọjọ́ mẹ́ta. Ní báyìí, Ọlọ́run ló mọ ọjọ́ tí yóò lọ. Bí ìkéde náà ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti fẹnu kò pé Màmá kò gbọdọ̀ máa dá gbé nínú ilé ńlá yẹn mọ́. Ọ̀dọ̀ wa ni yóò máa gbé. Wọ́n á ta ilé, wọ́n á ta ọkọ̀ Bàbá tó wà níbẹ̀. Màmá nìkan ni wọn kò tíì sọ fún. Ìjọba ti bá wọn sọ ìdajì rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo fọ ọkọ̀ láti orí dé táyà. Kò dọ̀tí tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Èmi àti Màmá ń fi ọ̀wọ̀ pa ara wa. Bí mo bá jí láti gbálẹ̀, ó ti gbá a. Bí òun bá jí láti gbé omi kaná, mo ti gbé e. Lánàá, ẹran kan ṣoṣo ló kù nínú ìkòkò. Mo fi sílẹ̀ fún un, òun náà fi sílẹ̀ fún mi, ìyàwó mi wọlé, ó jẹ ẹ́. Mi ò lè wọ síńgílẹ́ẹ̀tì jókòó ní pálọ̀ ara mi. Mo ń di bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì dé ọrùn bí ẹni tó fẹ́ lọ jẹ́jọ́.

Màmá ń fọwọ́ nígbà gbogbo, bí rédíò ṣe ní kí a máa ṣe é. Ó ní, "Wọ́n ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ní í bá àgbà jẹun. Láyé ìsinsìnyí, àgbà gan-an ò ríbi jẹun tí ò bá wẹ̀ ẹ́." Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó gbé àga síta, ó ń wò mí bí mo ṣe ń nu Onísùúrù. Orúkọ tí mo sọ ọkọ̀ tí mo fi ń kọ́ èèyàn nìyẹn, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Ó ní, "Kí ni wọ́n ń fi búrékì méjì ṣe nínú ọkọ̀ kan?"

"Ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan fún èmi tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mà. Tí òun bá gbàgbé, èmi ò ní gbàgbé."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọkọ̀. "Kọ́ mi."

Mo rò pé àwàdà ni, mo bú sẹ́rìn-ín. Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

"Màmá, gbogbo títì ni wọ́n ti dí pa. Ibo la máa wà á gbà?"

"Ṣé ìta lọmọ ti ń kọ́kọ́ kọ́ ìrìn ni? Àbí ilé?"

Mo gbà. Àna mi ni. Láti ọjọ́ tó ti fún mi lọ́mọ rẹ̀, kò tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ mi rí.

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́

Àgbàlá wa kò tóbi. Bí o bá ti ẹnu géètì gbéra, kí o tó sín, o ti dé ògiri ẹ̀yìn. Dúrọ́ọ̀mù omi Bàbá Onílé wà ní igun kan, òun fúnra rẹ̀ sì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó fara ti irin, ó ń wò wá bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Màmá wọ bàtà òde. Ó gbé pọ́ọ̀sì lé itan, kò sì gbà láti gbé e sílẹ̀. Ó ní kí ni òun yóò wá dì mú? Mo ní sítíárìn ni, mà. Ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ títí ó fi sú Bàbá Onílé, ó wọlé lọ sùn. Ìyàwó mi rò pé eré la fi ń pa ọjọ́. Ó ní ó dára, kí ara Màmá lè máa le.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Ojú tì mí lónìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í pè mí ní orúkọ mi. Tíṣà Búrékì ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé ohùn mi ń dá wọn dúró kí ẹsẹ̀ wọn tó rántí. Mo ti jágbe mọ́ lọ́yà, mo ti jágbe mọ́ dókítà, mo jágbe mọ́ ọmọge kan títí ó fi yege pẹ̀lú omijé lójú. Lónìí, Màmá kọjú ọkọ̀ sí dúrọ́ọ̀mù, ó ń wà á lọ, mo sì gbọ́ tí ẹnu èmi Tíṣà Búrékì ń sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, bí kò bá ni yín lára, ẹ bá mi fẹsẹ̀ kan búrékì…"

Kí n tó dé "ni yín lára," a ti dé dúrọ́ọ̀mù. Omi bo gíláàsì iwájú, ó gba fèrèsé ta sí wa lójú.

Ẹsẹ̀ mi wà lórí búrékì kejì o! Ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ó ṣe mí bí ìgbà tí mo bá fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́.

Màmá fara balẹ̀ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Àna mi, tó o bá rí mi tí mo fẹ́ bọ́ sí kànga, ṣé wàá kọ́kọ́ kí mi ni?"

Láti òkè, Bàbá Onílé ní, "Ó kéré tán, ẹ ti fọ ọkọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta

Màmá ti ṣòfin. Kí a tó wọ ọkọ̀, màá tọrọ àforíjì gbogbo ohun tí mo bá máa sọ nínú rẹ̀. Òun yóò foríjì mí. Tí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, kò sí àna níbẹ̀ mọ́, tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ ló kù. Tí a bá jáde, a tún di àna padà.

Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá táyà. "Màmá, ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ẹ́. Wọlé."

Mo pe búrékì ní ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Kò dé ọ̀dọ̀ mi." Mo tún un pè. Ó ní, "Ṣé ikọ́ ni?" Ni mo bá pa ojú dé, mo sì jẹ́ kí ohùn mi jáde bó ṣe máa ń jáde. Màmá tẹ búrékì mọ́lẹ̀, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iwájú ọkọ̀. Ìyàwó mi sáré jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó rò pé mo ń bá ìyá rẹ̀ jà.

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti pariwo mọ́ mi," ló wí. "Gbogbo wọn ń bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé ẹyin ni mí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Kàkà kéwé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i. Wọ́n ti fi kún ọjọ́ kónílé-ó-gbélé. Owó ẹyin ti gòkè, ti ṣúgà kò ṣeé dárúkọ. Oòrùn mú gan-an. Epo inú Onísùúrù ti lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, bẹ́ẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn nìkan la ń lọ. A ti rin ọ̀nà jíjìn láìkúrò nílé.

Kí n má purọ́, inú mi ń dùn. Ó yẹ kí n máa sunkún iṣẹ́ tó dúró, àmọ́ mo ń jí pẹ̀lú ayọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń dúró dè mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n pe ìyàwó mi lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í gba inú fóònù nìkan, gbogbo ilé ló máa ń gbọ́. Màmá wà ní ilé ìdáná, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀.

"Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ Bàbá ti ní òun máa rà á. Ti ilé náà ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ ṣáà máa fi eré dá Màmá dúró níbẹ̀."

Ìyàwó mi sáré pa fóònù. Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Mo wojú Màmá. Àlùbọ́sà ló ń gé, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Nígbà tó gé e tán, ó nu ọ̀bẹ, ó ní, "Àna mi, àkókò ẹ̀kọ́ ti tó."

A jókòó sínú ọkọ̀. Kò yí kọ́kọ́rọ́.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ọjọ́ tí wọ́n wá mú mi, ìyàwó ẹ kó gbogbo aṣọ òtútù mi sínú àpò. Ta ló ń kó aṣọ òtútù lọ lo ọjọ́ mẹ́ta nínú irú ooru yìí? Mo dákẹ́ ni. Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ó ń wo ògiri tó wà níwájú wa.

"Ọjọ́ tí àìsàn gbé bàbá wọn ṣánlẹ̀, ọkọ̀ wà lágbàlá. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi báyìí. Mò ń sáré láti ìdí ibùsùn ẹ̀ dé ìdí ọkọ̀, mò ń sáré padà, mò ń pariwo pe aládùúgbò. Kí wọ́n tó dé…" Kò parí rẹ̀. "Àwọn ọmọ mi ní kò sẹ́ni tó máa máa gbé mi kiri, pé ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dá gbé. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń gbé mi kiri ti lọ. Tí mo bá mọ̀ ọ́n wà, kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ? Ilé mi ni mo fẹ́ lọ. Mo fẹ́ kú síbẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ ná."

Omi dà lójú mi. Mo ní kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ Màmá kì í ṣe eré, pé kó lè padà sílé rẹ̀ ni. Ìjà dé.

"Ọjọ́ orí ẹ̀ ńkọ́? Tó bá lọ forí sọ igi ńkọ́?"

"Iṣẹ́ tèmi ni kó má forí sọ igi."

"Ẹ̀gbọ́n á ní èmi ni mo rán ẹ níṣẹ́!"

Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò bá mi sọ̀rọ̀ tààrà. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń gbà. "Màmá, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó jókòó yẹn pé oúnjẹ ti délẹ̀." Màmá á yíjú sí mi, kò ní rẹ́rìn-ín rárá: "Ẹni tó jókòó, oúnjẹ ti délẹ̀."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Ọjọ́ ńlá! Màmá yí ọkọ̀ po nínú àgbàlá yìí, iwájú díẹ̀, ẹ̀yìn díẹ̀, iwájú díẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi kọ géètì, kò sì fara kan nǹkan kan. Nínú àwọn tí mo ti kọ́, àwọn mìíràn wà tí kò lè ṣe é ní pápá. Bàbá Onílé pàtẹ́wọ́ lókè. Ó ti gbé dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ kúrò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rù tó ń bà á kò tíì lọ.

Ìyàwó mi ti wà lójú fèrèsé, mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Ó jáde, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀, ó jókòó. Màmá gbé wa lọ síwájú, ó gbé wa padà.

Ìyàwó mi ní, "Màmá, ẹ̀rù ló ń bà mí. Bàbá ti lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ́ ọ."

Lẹ́yìn náà ìyàwó mi sọ̀rọ̀ bí tíṣà ilé ìwé tó jẹ́: "Tí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì bá ṣí, ẹ lọ ṣèdánwò. Tẹ́ ẹ bá yege, mo wà lẹ́yìn yín, èmi ni màá kọjú Ẹ̀gbọ́n. Tẹ́ ò bá yege, ẹ ó jókòó tì wá." Màmá na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìyàwó mi tún ti ń bá èmi náà sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún

Wọ́n ti dẹ òfin díẹ̀. Ọkọ̀ lè rìn nínú ìlú lọ́sàn-án. Gbogbo èèyàn ní láti lo ìbòmú, awakọ̀ nìkan ni yóò wà níwájú, èrò méjì péré lẹ́yìn. Mo fò sókè nídìí rédíò, kí n tó rò ó wò: búrékì kejì ńkọ́? Iwájú ló wà!

Mo pe ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, tó ti ṣí padà. Mo ní tíṣà mọ́tò ni mí o, ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í ṣe ibi tí tíṣà ń jókòó sí. Ẹni tó gbé fóònù ní òfin kò mọ tíṣà. "Ọ̀gá, àbí ẹ ò gbẹ́kẹ̀ lé ohun tẹ́ ẹ kọ́ wọn ni?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

A jáde. Màmá níwájú nìkan, pẹ̀lú páálí pupa akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọkọ̀, èmi lẹ́yìn bí olówó tó ní dírẹ́bà. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ ní gbogbo kọ́nà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ láti tẹ̀.

Ọlọ́pàá oríta dá wa dúró. "Ìyá, ta ló ń kọ́ yín?"

"Ẹni tó wà lẹ́yìn yẹn."

Ó wò mí. Òógùn ti mú kí ìbòmú mi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. "Ó jọ pé òun gan-an ni wọ́n ń kọ́," ló wí, ó sì ní ká máa lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Màmá kò yege.

Wọn kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé àfi ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò, torí náà òdìkejì títì ni mo dúró sí nínú oòrùn. Ẹni tó dán an wò ló wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe ọwọ́ rẹ̀, kò sí ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé oríta, ó dúró kí ọkọ̀ kan kọjá. Ó dúró kí èkejì kọjá. Ó dúró de ọlọ́kadà, ó dúró de ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́, ó sì ń juwọ́ kí gbogbo wọn. "Ìyá dáadáa ni, àmọ́ ká ní mi ò sọ̀rọ̀ ni, a ò bá ṣì wà níbẹ̀."

Mo dárò lọ́kàn mi. Ọ̀wọ̀ àṣejù tó jẹ́ ká gbá dúrọ́ọ̀mù lọ́jọ́sí ló mú òun náà.

Nínú ọkọ̀, èmi ni mò ń wà á bọ̀, Màmá wà lẹ́yìn. Mi ò kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Mo ní, "Màmá, nígbà tí ọ̀nà bá jẹ́ tiyín, ẹ gbà á! Ẹ má fi tọrọ! Kò sí ẹni tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín!"

"Ó yé mi," ló wí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ń retí kí ìyàwó mi sọ pé àdéhùn ni àdéhùn. Òun ló pe ọ́fíìsì wọn tó sì gba ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí mo wò ó, ó ní, "Kí lo ń wò? Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kíláàsì náà máa ń tún ìdánwò ṣe."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Òjò rọ̀ láàárọ̀. Ìyàwó mi lọ aṣọ ìyá rẹ̀, ó sì se ẹyin méjì fún un bí ẹyin ṣe wọ́n tó yìí. Ní oríta, Màmá dúró fún ẹni tó yẹ, nígbà tó kàn án, ó gbà á. Wọ́n ní awakọ̀ kan fọn fèrè mọ́ ọn, òun náà fọn tirẹ̀ padà.

Ó yege! Mo jó lójú títì pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà

Wọ́n ṣí ọ̀nà láti ìlú kan sí òmíràn lọ́sẹ̀ yìí. Lónìí ni Ẹ̀gbọ́n dé láti parí ọ̀rọ̀ ilé. Kò tíì jókòó dáadáa tí ìyàwó mi fi sọ fún un pé òun ti yí ọkàn padà. Ó pariwo. Ìyàwó mi náà pariwo, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Màmá jáde láti yàrá pẹ̀lú àpò rẹ̀.

"Àriwo yín ti tó. Mò ń lọ sílé. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kó jókòó sí. Òfin ni."

Ìyàwó mi dúró sẹ́nu géètì, ó ń juwọ́, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn Onísùúrù. Títí a fi kúrò nígboro, Ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀: ta ló gbọ́ irú èyí rí, ta ló fún un ní láísẹ́ǹsì, irú àna wo ni èmi yìí. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà ńlá, tírélà kan ń bọ̀ níwájú, ó dákẹ́. Mo wo ìsàlẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ gbagbagba. Tèmi dúró jẹ́ẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé láti ilé, mi ò tíì tẹ nǹkan kan.

"Màmá, ẹ rọra," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mò ń rọra. Ìwọ ni kó o mí."

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé. Koríko ti gba ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ Bàbá sì wà níbi tó máa ń wà, eruku bò ó. Màmá páàkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tọ́, kò tún un ṣe. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó ní kí a bọ́ bàtà, kí a fọwọ́. Ẹ̀gbọ́n dúró láàárín pálọ̀ ilé tí wọ́n bí i sí, bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ibo ni kí n jókòó sí?"

Kí ó tó dá a lóhùn, fóònù Ẹ̀gbọ́n dún. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n wo fóònù, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ìta níbi tí ọkọ̀ méjèèjì dúró sí. Ó na fóònù náà sí i.

Màmá gbé e sétí. Ó kí ẹni náà, ó béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, ó bá a dúpẹ́ pé àrùn kò mú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún un pé, "Ẹ má bínú. Ọkọ̀ náà ò sí fún títà mọ́. Ẹni tó máa wà á ti dé."